Nọ́ọ̀tì línkéèjì tó gan, tí igun rẹ̀ sì ti jẹ

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni pípààrọ̀ línkéèjì stabilizer iwájú mọ́tò mi (ọ̀pá kékeré tó so irin stabilizer mọ́ ṣọ́ọ̀kì), tọ̀tún tòsì. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló mú méjèèjì dúró: méjì lókè lára ṣọ́ọ̀kì, méjì nísàlẹ̀ lára irin stabilizer. Mẹ́ta nínú wọn ò ní ìtàn kan gbòógì. Ti òkè lápá òsì ló gba gbogbo àkókò, òun náà ni màá sì sọ̀rọ̀ lé lórí jù.

Ariwo ló fà á. Bí mọ́tò bá ń rọra gun gegele ní ẹ̀gbẹ́, tàbí tí táyà kan bọ́ sí kòtò tí èkejì wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, iwájú á máa dún kọ́kọ́kọ́. Lórí títì tó dán, kò ní fọhùn rárá. Línkéèjì ni irú ariwo bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tọ́ka sí. Irin stabilizer gba abẹ́ mọ́tò láti ọ̀tún dé òsì, línkéèjì ló sì so orí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ṣọ́ọ̀kì. Bí táyà méjèèjì bá jọ gòkè, irin náà á kàn yí tẹ̀lé wọn ni, línkéèjì ò ní mọ̀ ọ́n lára. Bí ọ̀kan bá lọ sókè tí èkejì dúró sílẹ̀, irin á lọ́, gbogbo agbára ìlọ́ náà á sì gba oríkèé kékeré méjì tó wà lórí línkéèjì kọjá. Bọ́ọ̀lù irin ni oríkèé ọ̀hún, ó jókòó sínú ife oníke, gírísì wà nínú rẹ̀, rọ́bà sì bò ó. Bí rọ́bà yẹn bá ti ya, omi àti iyanrìn á wọlé, ọjọ́ rẹ̀ sì ti pé nìyẹn. Tèmi ti ya lókè, ó ti ya nísàlẹ̀. Mo fọwọ́ mú línkéèjì, mo mì ín, ó ń ṣe gbọ̀jẹ̀gẹ̀.

Mo gbé iwájú mọ́tò sókè lápá méjèèjì pọ̀, mo gbé e ka sítáńdì méjì, mo sì fi igi há táyà ẹ̀yìn. Jáàkì wà fún gbígbé mọ́tò sókè. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ló dá a dúró nígbà tí ara yín bá wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á gbé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo torí pé ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n fẹ́ ṣe. Kò dáa fún línkéèjì. Táyà tó bá rọ̀ sílẹ̀ lápá kan á fa irin stabilizer lọ́, línkéèjì á wà nínú ìfà, sítọ́ọ̀dù rẹ̀ (irin róbótó tó jáde lára bọ́ọ̀lù, tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀) á sì fún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ihò tó wà. Nọ́ọ̀tì tó ń ṣagídí tẹ́lẹ̀ á tún wá rí alátìlẹyìn. Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá jọ rọ̀, ìfà náà á kúrò, línkéèjì á sì dúró jẹ́jẹ́.

Àwọn nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀: mo fọ́n oògùn ìpẹtà sí wọn, mo fi Allen key (irin onígun mẹ́fà tó ń wọ ihò orí sítọ́ọ̀dù) di sítọ́ọ̀dù mú, mo fi sípánà olórùka tú wọn. Wọ́n wá. Ti òkè lápá ọ̀tún náà wá, ó kàn ké díẹ̀ ni.

Ó wá kù ẹni tí à ń wí.

Nọ́ọ̀tì 17 ni, sítọ́ọ̀dù tó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 12. Mo tan iná sí i dáadáa kí n tó mú irinṣẹ́ kankan. Igun mẹ́fà ló yẹ kó ní. Mẹ́ta ti lọ ráúráú, àwọn tó kù ti di róbótó létí. Àpá eyín páláyà wà lára rẹ̀ wínníwínní, ìyẹn ni pé ẹni tó ṣe é kẹ́yìn ti jà á títí, ó ti yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì ti fún un padà bẹ́ẹ̀. Àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú méjìlá (sọ́kẹ́ẹ̀tì ni irinṣẹ́ bí ife tí wọ́n ń fi bo orí nọ́ọ̀tì láti yí i) ló kọ́kọ́ bà á jẹ́. Olójú méjìlá máa ń yá níbi tí àyè ò sí, nítorí ó tètè ń bá nọ́ọ̀tì mu, ṣùgbọ́n etí igun ló ń dì mú. Olójú mẹ́fà máa ń fi ara ti ojú pẹrẹsẹ nọ́ọ̀tì, ó sì jìnnà sí etí igun. Fún nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà, tí ara rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ ju iye tí wọ́n kọ fún un lọ, olójú mẹ́fà nìkan ni mo máa ń mú jáde.

Igun tó jẹ jẹ́ ìṣòro kan. Èkejì ni pé sítọ́ọ̀dù ń bá nọ́ọ̀tì yí. Bọ́ọ̀lù nínú ife ni, kò sí ohun tó dì í mú kó má yí. Bí nọ́ọ̀tì bá ti gan mọ́ ọn, ẹ óò máa yí méjèèjì pọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbẹ́ ihò igun mẹ́fà sí orí sítọ́ọ̀dù, kí èèyàn lè fi Allen key 6 dì í mú. Ìpẹtà ti dí ihò tèmi pa. Mo fi ìṣó ẹlẹ́nu ṣóńṣó gbẹ́ ìdọ̀tí inú rẹ̀ títí ó fi mọ́, mo fi hámà kékeré kan Allen key wọlé kó lè jókòó dáadáa. Nígbà tí mo fi agbára sí i, ẹ̀gbẹ́ ihò náà bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wúrúwúrú. Mo yọ ọ́ kíá. Bí ihò yẹn bá bàjẹ́ tán, ọ̀nà kan ti dí nìyẹn, mo sì ṣì fẹ́ tọ́jú rẹ̀ fún ìgbẹ̀yìn.

Àbúrò mi ló ń bá mi mú iná. Ó wo nọ́ọ̀tì, ó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò kúkú gé e dànù? Ẹ ṣáà ti ra tuntun."

"Mo máa gé e tó bá yá. Wo ẹ̀yìn rẹ̀ ná."

Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Línkéèjì ń lọ sí ààtàn, nọ́ọ̀tì ń lọ sí ààtàn, sítọ́ọ̀dù náà ń lọ. N kò ní kẹ́dùn wọn. Ṣùgbọ́n etí irin tí nọ́ọ̀tì náà fún mọ́ jẹ́ ara ṣọ́ọ̀kì, wọ́n jó o pọ̀ mọ́ ọn ni. Họ́ọ̀sì búréèkì kọjá nítòsí rẹ̀, wáyà ABS (ètò tí kì í jẹ́ kí táyà gan bí a bá tẹ búréèkì) rọ̀ mọ́ họ́ọ̀sì, ara ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ò sì jìnnà ju ìbú ìka méjì lọ, bẹ́ẹ̀ òyìnbó tó ṣe é rọ gáàsì sínú rẹ̀ tipátipá. Gbogbo ìyẹn ni mo fẹ́ kó wà láàyè nígbà tí nọ́ọ̀tì bá kúrò. Torí náà, ibi tí mo bá ti ní sùúrù, kì í ṣe nítorí nọ́ọ̀tì. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni mo ń bọ̀wọ̀ fún.

Mo bẹ̀rẹ̀ látorí búrọ́ọ̀ṣì onírin. Tírẹ́ẹ̀dì (ìlà tó lọ́ yí ara sítọ́ọ̀dù ká) tó yọ síta kọjá orí nọ́ọ̀tì ni mo fọ̀ jù, torí orí rẹ̀ ni nọ́ọ̀tì máa gbà jáde, àárín wọn náà sì ni oògùn máa gbà wọlé. Eruku pupa ń dà sí mi lójú awò. Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ ni mo rí i pé tírẹ́ẹ̀dì ìta yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán: ìpẹtà ti jẹ ẹ́ wọ́gbawọ̀gba, àfonífojì àárín tírẹ́ẹ̀dì ti dí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ó máa padà wúlò.

Lẹ́yìn náà ni oògùn. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ní èrò tèmi. WD-40 wúlò, mo ní in nílé, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é ní 1953 ni láti lé omi kúrò lára irin kó má bàa dípẹtà. Ara rọ́kẹ́ẹ̀tì Atlas ti Amẹ́ríkà wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún. Ó lè bá yín tú nọ́ọ̀tì tó kàn gbẹ. Fún èyí tó ti gan, oògùn tí wọ́n dìídì ṣe kó lè wọ inú àlàfo tóóró ni kí ẹ wá. Àwọn kan máa ń po acetone mọ́ epo jíà ọtomátíìkì ní ìdá méjì ọgbọọgba. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ méjèèjì kì í fẹ́ dà pọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ mì ín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó, acetone sì ń gbiná kíákíá. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, àkókò ni iṣẹ́ rẹ̀. Mo fọ́n ọn, mo fi hámà kan ti ẹ̀yìn nọ́ọ̀tì, mo fi òmíràn lù ú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti iwájú, mo yí i ká, mo tún fọ́n ọn. Lílù yẹn ń la ojú ìpẹtà díẹ̀díẹ̀ kí oògùn lè rí ọ̀nà gbà. Mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ kejì, mo mú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fi yọ nọ́ọ̀tì tó ti jẹ. Inú rẹ̀ ní eyín tó lọ́ bí ìlọ́ okùn, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá ṣe ń yí i sí òsì ló ń jẹ wọ inú nọ́ọ̀tì sí i. Irinṣẹ́ dáadáa ni. Ó kàn jẹ́ pé ó bo orí sítọ́ọ̀dù, kò sì sí bí Allen key ṣe máa wọlé mọ́. Ìyẹn ni àwọn tó ń ta á kì í sọ. Mo ní láti wá ibòmíì di sítọ́ọ̀dù mú, ibòmíì ọ̀hún sì ni ọrùn bọ́ọ̀lù, lẹ́yìn etí irin. Mo fi ọ̀bẹ la rọ́bà oríkèé náà kúrò pátápátá, mo nu gírísì ibẹ̀ gbẹ, mo fi fáìsìgírípù (páláyà tó ń ti ara rẹ̀ pa) jẹ ọrùn yẹn mú gírígírí. Bí línkéèjì bá ṣì máa padà sẹ́nu iṣẹ́, ìwà ìkà ni. Nígbà tó jẹ́ pé ààtàn ló ń lọ, mo fi ọkàn balẹ̀ ṣe é.

Kí n tó yí i, mo dúró, mo ro ọ̀nà tó yẹ kó gbà yí. Nọ́ọ̀tì yìí dojú kọ ẹ̀yìn mọ́tò, èmi wà níwájú, mò ń nawọ́ kọjá láti bá a. Òsì nọ́ọ̀tì ti di ọ̀tún mi. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀tì tí wọ́n ní ó gan ló jẹ́ pé ẹni tó ń tú u ń fún un le ni. Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ dúró kojú orí nọ́ọ̀tì náà gan-an, kí ẹ wá yí i sí òsì láti ibẹ̀.

Mo fi hámà gbá sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wọ orí nọ́ọ̀tì, mo fi irin gígùn sí i, mo rọra fà. Kò mì. Mo fi ara sí i. Ó ké kẹ̀ẹ́, ó yí díẹ̀. Àbúrò mi pariwo ayọ̀. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó yí tó ìdajì, ó sì tún dúró gbagidi, bí ìgbà tó kọlu ògiri. Mo dá a padà, mo fọ́n oògùn, mo tún yí i síta. Ibì kan náà ló tún ti dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, fáìsìgírípù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lára ọrùn bọ́ọ̀lù, ó ń ha irin náà dán.

Iná ló kàn. Irin máa ń wú bí ó bá gbóná. Bí nọ́ọ̀tì oníhò mìlímítà 12 bá gbóná tó 300 dígírì ju sítọ́ọ̀dù inú rẹ̀ lọ, ihò náà á fẹ̀ sí i ní nǹkan bí 0.04 mìlímítà. Ó kéré létí, ṣùgbọ́n ìpẹtà ò lè na ara rẹ̀ bí irin, fífẹ̀ àti fífún padà yẹn á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Nọ́ọ̀tì ni kí iná bà, kí ẹ sì tètè ṣe é kí ooru má tíì dé inú sítọ́ọ̀dù. Bí méjèèjì bá jọ gbóná, méjèèjì á jọ wú, òfo ni. Mo tú họ́ọ̀sì búréèkì kúrò lára ìkọ́ rẹ̀, mo tì í sẹ́yìn, mo fi aṣọ tútù wé òun àti wáyà ABS. Mo nu gbogbo oògùn tó wà nítòsí. Omi wà nínú garawa lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Nǹkan méjì ni mo máa ń pariwo fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lo iná lábẹ́ mọ́tò. Àkọ́kọ́, ẹ má fi iná sí oríkèé tí rọ́bà ṣì bò ó pa: gírísì inú rẹ̀ á hó, ó lè bú gbàù kó sì ta sí yín lójú. Tèmi ti là kalẹ̀. Èkejì, bí ẹ bá ti fi oògùn ìfọ̀ búréèkì fọ ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ ráúráú, ọjọ́ mìíràn ni ẹ ó máa lo iná. Àwọn kan lára wọn ní kílórínì, bí iná bá sì mú un, ó lè di phosgene, gáàsì olóró tí wọ́n fi pa ọmọ ogun lójú ogun àgbáyé kìíní. Ohun tó wà nínú agolo ni kí ẹ kà, ẹ má wo ti àwòrán rẹ̀.

Mo fi iná gáàsì kékeré sí ẹ̀gbẹ́ kan nọ́ọ̀tì. Ọ́ìlì tó kù níbẹ̀ kọ́kọ́ rú èéfín, àwọ̀ irin yí padà díẹ̀díẹ̀, ó ń di aláwọ̀ búlúù. N kò dúró kó pọ́n. Mo gbé iná kúrò, mo wá fi ìdí àbẹ́là kan ibi tí nọ́ọ̀tì ti pàdé sítọ́ọ̀dù. Ìdà náà yọ́ lójú ẹsẹ̀, n kò rí i kó ṣàn sílẹ̀: tírẹ́ẹ̀dì fà á mu wọlé, ó ń hó ṣìnṣìn nínú. Mo fẹ́ràn àbẹ́là ju kí n fọ́n oògùn sí irin gbígbóná lọ, nítorí oògùn yẹn lè gbiná mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì padà sórí rẹ̀. Nọ́ọ̀tì yí wẹ́rẹ́ dé ibi tó ti ń dúró tẹ́lẹ̀, ó kọjá ibẹ̀ díẹ̀, ó sì fàáké kọ́rí. Mo fi agbára kún un, eyín sọ́kẹ́ẹ̀tì gé ara nọ́ọ̀tì wálẹ̀ bí ẹni ń fá irun, ó sì ń pòòyì lásán. Nígbà tí mo yọ ọ́, kò sí igun kankan mọ́. Nọ́ọ̀tì ti di òrùka.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, àwọn kan máa ń fi fáìlì fá ojú méjì tó kọjú síra wọn lára nọ́ọ̀tì, kí sípánà 15 tàbí 16 lè bá a mu. Ọgbọ́n gidi ni, mo ti lò ó níbòmíì. Níhìn-ín, sítọ́ọ̀dù ò ṣeé dì mú mọ́, kí ni sípánà tuntun fẹ́ ṣe? Ẹ̀rọ ìlanọ́ọ̀tì wà, òrùka tó ní ìmú ṣóńṣó nínú. Òrùka tèmi gbòòrò ju àyè tó wà láàárín nọ́ọ̀tì àti ara ṣọ́ọ̀kì lọ. Àbúrò mi ní kí n gé ọrùn bọ́ọ̀lù lẹ́yìn, kí gbogbo ẹ̀ sì já. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́gbọ́n mu, àmọ́ sítọ́ọ̀dù yìí ní ètè fífẹ̀ kan tó fi ti etí irin láti ẹ̀yìn. Bí mo bá gé ọrùn, línkéèjì á já lóòótọ́, sítọ́ọ̀dù á ṣì dúró síbẹ̀, ètè lẹ́yìn, nọ́ọ̀tì níwájú. Ó ní bó ṣe wúlò ṣá: línkéèjì á kúrò lójú ọ̀nà. Torí náà a gé e, a fi ayùn irin gé e, bíléèdì lásán tí mo fi aṣọ wé ìdí rẹ̀, torí férémù ayùn ò lè wọ ibẹ̀. Ẹ rí i pé eyín bíléèdì dojú kọ iwájú. Nígbà tí ẹ bá ń tì í ló ń gé.

Ojú ọ̀nà wá là. Mo lè rí nọ́ọ̀tì láti ẹ̀gbẹ́, gíráńdà kékeré (ẹ̀rọ tó ń fi dísìkì gé irin) sì lè wọlé.

Kí n tó tan gíráńdà, mo ṣe ìṣirò. Nọ́ọ̀tì náà fẹ̀ ní mìlímítà 17 láti ojú pẹrẹsẹ dé ojú pẹrẹsẹ, sítọ́ọ̀dù jẹ́ 12. Ó túmọ̀ sí pé 2.5 mìlímítà irin péré ló wà láàárín mi àti tírẹ́ẹ̀dì, bí mo bá gba àárín ojú pẹrẹsẹ. Ká ní igun ṣì wà tí mo sì gba ibẹ̀, ó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gé láti igun torí pé igun ló yọ sókè, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe fún nọ́ọ̀tì. Mo fi mákà fa ìlà sí àárín ojú tó kọjú sí mi, ìlà tó bá sítọ́ọ̀dù lọ gbọọrọ. Dísìkì mìlímítà 1 ni mo lò. Mo fi páànù pẹlẹbẹ kan há àárín nọ́ọ̀tì àti ara ṣọ́ọ̀kì, mo tún aṣọ tútù wé, mo sì fi aṣọ bo gíláàsì mọ́tò tó wà lọ́nà tí iná ń ta lọ. Ẹ̀ta irin gbígbóná máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì tí kò ní ṣeé fọ̀ kúrò mọ́. Awò, ìbọ̀wọ́, ìbòrí dísìkì wà níbi tó yẹ. Ẹni tó bá yọ ìbòrí kúrò nítorí àyè, kó fi gíráńdà sílẹ̀ kó padà sídìí ayùn.

Mo rọra gé e, mo ń gbé e sókè wò ó. Níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ kòtò náà bá ṣì ń dán geere, inú nọ́ọ̀tì lẹ ṣì wà. Nígbà tó yá, àwọn ìlà kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nílẹ̀ kòtò náà, dúdú kan, funfun kan, dúdú kan: tírẹ́ẹ̀dì sítọ́ọ̀dù nìyẹn. Mo dúró níbẹ̀. Ìdí nọ́ọ̀tì náà ní ètè pẹlẹbẹ tó jókòó lórí etí irin, n kò jẹ́ kí dísìkì dé ibẹ̀. Ayùn ni mo fi parí ìyẹn, ó fi àpá fẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ lára etí irin, kò ju ibi èékánná lè fi ara hàn lọ.

Mo wá gbé ṣísẹ́ẹ̀lì sínú kòtò, mo fi hámà lù ú léraléra. Pọ́ọ́! Ẹnu kòtò náà là. Mo yí ṣísẹ́ẹ̀lì díẹ̀ kó lè là sí i, nọ́ọ̀tì bá tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Páláyà lásán ni mo fi yí i jáde. Sítọ́ọ̀dù yọ láti ẹ̀yìn.

Mo nu nọ́ọ̀tì náà, mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, n kò sì tíì sọ ọ́ nù títí di ìsinsìnyí nítorí ohun tí mo rí. Inú rẹ̀ mọ́. Apá tó jókòó ti etí irin ń dán bí tuntun, ìpẹtà ò débẹ̀. Tírẹ́ẹ̀dì bíi méjì tó wà lẹ́nu rẹ̀ nìkan ló kún fún eruku pupa tó ti ki bí amọ̀. Ohun tó ń dá a dúró ni tírẹ́ẹ̀dì ìta yẹn tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ìpẹtà máa ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ, ó ti kún àfonífojì tírẹ́ẹ̀dì tó yọ síta, bí nọ́ọ̀tì bá ṣe ń jáde ló ń gbá ìpẹtà jọ síwájú ara rẹ̀ títí tí kò fi ní ọ̀nà mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yí ìdajì wẹ́rẹ́ tó sì dúró. Bákan náà, nọ́ọ̀tì aládìmú ara ẹni ni: wọ́n ti fún ẹnu rẹ̀ kó má rí róbótó pátápátá, kó lè máa di tírẹ́ẹ̀dì mú kí mímì mọ́tò má bàa tú u. Ẹnu tó fún yẹn ló ń gbá ìpẹtà jọ jù. Iná àti oògùn ti ṣe tiwọn nínú. Ìta ni ogun wà. Ká ní mo tètè mọ̀ ni, ǹ bá ti fi ayùn gé apá sítọ́ọ̀dù tó yọ síta kúrò kí n tó gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan lé e, ọ̀nà nọ́ọ̀tì ì bá kúrú. Ó máa ba ihò Allen key jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ihò náà ti ń fọ́, kí ni mo ń ṣọ́?

Ìdápadà ò gba àkókò. Mo fá ihò etí irin mọ́, mo fi ọ̀dà ìdènà ìpẹtà kun àpá ayùn, mo dúró kó gbẹ. Línkéèjì tuntun wọlé, ó sì wá pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tirẹ̀. Ẹ má lo nọ́ọ̀tì aládìmú ara ẹni àtijọ́ lórí línkéèjì tuntun, ẹnu rẹ̀ ti dẹ̀. Láti fún un dé ìwọ̀n tí ìwé mọ́tò sọ, ẹ ò lè fi Allen key di sítọ́ọ̀dù mú kí sípánà oníwọ̀n tún wà lórí nọ́ọ̀tì, nítorí sọ́kẹ́ẹ̀tì á bo ihò. Tuntun tèmi ní ojú pẹrẹsẹ méjì lẹ́yìn, láàárín rọ́bà àti etí irin. Sípánà tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi dì í mú níbẹ̀.

Àwọn kan á fi gírísì olóbàbà kun tírẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó fún un, kó má bàa gan mọ́. N kì í ṣe é síbí yìí. Gírísì ń dín ìfararora kù, ìwọ̀n kan náà lórí sípánà á wá fa sítọ́ọ̀dù ju bó ṣe yẹ lọ, ìwọ̀n tó wà nínú ìwé sì jẹ́ ti tírẹ́ẹ̀dì gbígbẹ àyàfi tí wọ́n bá sọ ọ́. Ohun tí mo ṣe ni pé mo kọ́kọ́ fún un tán, mo wá fi gírísì bo tírẹ́ẹ̀dì tó yọ síta, mo sì fi dí ihò Allen key pa. Ẹni tó bá máa tú u lọ́jọ́ iwájú á ní nǹkan fọ̀, ṣùgbọ́n á bá tírẹ́ẹ̀dì nínú rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo dá họ́ọ̀sì búréèkì padà sí ìkọ́ rẹ̀, mo yí idarí tán sí ọ̀tún, tán sí òsì, kí n rí i pé kò fà, kò sì fara kan táyà.

Ariwo ti lọ. Mo wa mọ́tò gba ẹ̀gbẹ́ kan gun gegele kan náà tó máa ń pariwo lórí rẹ̀, kò fọhùn.

Iṣẹ́ tó kàn: bóòtù tó di ìdè kálípà (ohun tó ń fún páàdì búréèkì) mú lápá òsì yẹn ti pọ́n létí, ìpẹtà ti ń yọ láàárín rẹ̀ àti irin. Igun rẹ̀ ṣì pé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo ti fọ̀ ọ́, mo sì ti fọ́n oògùn sí i, n ó máa fọ́n ọn títí di ìgbà tí mo bá fẹ́ pààrọ̀ páàdì búréèkì. Mo ti kó sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú méjìlá mi sínú àpótí tó wà lókè pátá.